ÌKÌLỌ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń wá ríìmù àti táyà ọ̀pọ̀: ẹ ní kí wọ́n tú u kí ẹ tó sanwó

Òkun o, ẹ̀yin ará Kàbbà, Ìjùmú, Yàgbà àti Mọ́pà, àti ẹ̀yin èèyàn wa tó ń gbé Lọ́kọ́ja àti Àbújá.

Ọkùnrin kan wà tó ń ta ríìmù àti táyà lórí WhatsApp ní agbègbè wa. Ríìmù mẹ́rin pẹ̀lú táyà mẹ́rin, ó ti dè wọ́n pọ̀, ó ti fún wọn ní atẹ́gùn, wọ́n ń dán gbinrin, owó rẹ̀ kò sì ju ìdajì ohun tí àwọn yòókù ń pè lọ. Mo rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Díẹ̀ ló kù kó pa èmi àti àbúrò mi obìnrin. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ síbí torí ọ̀rọ̀ náà ti wà ní tèṣọ̀n, àmọ́ ọ̀nà tó ń gbà ṣe é ni mo fẹ́ kí gbogbo yín mọ̀. Kì í ṣe òun nìkan ló ń ṣe é.

Nissan 350Z ọdún 2004 ni mọ́tò mi, onílẹ̀kùn méjì. Mo mọ̀ pé àwọn kan á bi mí pé kí ni irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ ń wá lójú ọ̀nà wa. Ọdún mẹ́fà ni mo fi tọ́jú owó rẹ̀, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ríìmù oní-ìǹṣì 17 ló bá a dé. Méjì nínú wọn ti ká nínú kòtò tó wà láàárín Ẹ̀gbẹ̀ àti Ìsánlú, ojú táyà sì ti jẹ tán. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè nìyẹn, tí ẹnì kan fi nọ́ńbà ọkùnrin yìí ránṣẹ́ sí mi.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, 18 ni kí ẹ gbé sí i, òun ló máa gbé mọ́tò yín yọ. Tuntun ni, kò tíì fẹsẹ̀ kanlẹ̀ rí.” ₦420,000 ló pè é. Ó gbé e wá bá mi ní Kàbbà lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, òun àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú jáàkì tiwọn. Kò ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ tí wọ́n fi wọ̀ ọ́ tán, mo sì fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo gba ọ̀nà Ọbajànà. Ẹ mọ ọ̀nà yẹn, kọnkéré tí ilé iṣẹ́ Dangote ṣe, kìlómítà 43, kò sí kòtò tí mo lè di ẹ̀bi rù. Bí mo ṣe dé 80, sítíárì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ mi. Mo pè é, ó ní bàlánsì ni. Mo ṣe bàlánsì ní Lọ́kọ́ja, ó ṣì ń gbọ̀n. Mo tún pè é, ó ní ọ̀nà wa ni kò dáa.

Lọ́jọ́ karùn-ún, èmi àti àbúrò mi ń bọ̀ láti Òmùò. A ò tíì wọ Kàbbà tí mo fi gbọ́ tí nǹkan ń lù gbà, gbà, gbà lẹ́yìn lápá òsì. Mo rọra dúró. Nọ́ọ̀tì méjì ti bọ́ sọnù nínú márùn-ún, ẹ̀kẹta ń mì, ẹ̀gbẹ́ táyà sì ti wú síta bí gẹ̀gẹ̀. Nígbà tí àbúrò mi sọ̀ kalẹ̀ tó rí i, ilẹ̀ ló jókòó sí. Tírélà sìmẹ́ńtì méjì ló kọjá lára wa bí a ṣe dúró síbẹ̀. Ká ní ríìmù yẹn yọ nígbà tí ọ̀kan nínú wọn ń bọ̀ níwájú, ẹlòmíì ni ì bá máa kọ̀wé nípa wa báyìí.

Bàbá fọkanáísà kan wà ní Kàbbà tó ti ń ṣiṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí mi. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo gbé gbogbo rẹ̀ lọ, mo sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nígbà tí wọ́n tú u ni mo tó mọ ìdí tí ọkùnrin yẹn kì í fi í ta ríìmù lọ́tọ̀ kó ta táyà lọ́tọ̀. Bó bá ti dè wọ́n pọ̀, táyà á bo àṣírí ríìmù, ríìmù á sì bo àṣírí táyà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí tó kù.

Bàbá fi àkísà nu inú ríìmù ẹ̀yìn, wọ́n ní kí n fọwọ́ kàn án. Ìlà kan là á láti etí inú títí dé àárín ikùn rẹ̀. Ó ti là rí, wọ́n fi iná wẹ́dà ágọ́ọ̀nì jó o pọ̀, wọ́n fi bọ́dì fílà dí ojú rẹ̀, wọ́n fi sáńdípépà ha á títí ó fi jọ̀lọ̀, wọ́n wá fín ọ̀dà fàdákà lé e. Lójú òde, kò sí ohun tí èèyàn lè rí. Álọ́ì tí wọ́n fi ṣe ríìmù yìí kì í ṣe irin lásán. Iná ni wọ́n fi ń sè é kó tó le tó bẹ́ẹ̀, torí náà bí wọ́n bá tún fi iná jó o, ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n jó á rọ̀. Kò sí ẹni tó yẹ kó gbé ẹ̀mí rẹ̀ lé ibẹ̀ lórí eré 120.

Ti táyà tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo lára táyà ni òǹkà DOT, ìyẹn lẹ́tà àti nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ tẹ̀ sára táyà, máa ń pé sí, ẹ̀gbẹ́ kejì kì í ní ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ni kí ẹ kà: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó kù ni ọdún. Ọkùnrin yìí mọ̀ ọ́n. Gbogbo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló kọ ojú ọjọ́ sínú, níbi tí èèyàn ò lè rí i àfi tó bá wọ abẹ́ mọ́tò. Bàbá ka ti ọ̀kan sókè: 1416. Ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ọdún 2016! Èyí tó ní kò tíì fẹsẹ̀ kanlẹ̀ rí. Wọ́n ti fi ọ̀bẹ gé ojú rẹ̀ jinlẹ̀ padà, wọ́n sì fi epo dúdú pa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ibi tó ti sán má baà hàn.

Méjì nínú wọn kò gbó tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ etí wọn, níbi tó ń jókòó sí ríìmù, ti fà ya, wáyà inú rẹ̀ sì ti yọ. Bàbá ní èyí ni táyà tí wọ́n kì bọnú ara wọn. Láti ìgbà tí Michelin ti ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt lọ́dún 2007, tí Dunlop náà sì dáwọ́ dúró lọ́dún 2008, òkè òkun ni táyà wa ń ti wá. Kí owó ọkọ̀ ojú omi lè dín kù fún àwọn tó ń kó o wọlé, wọ́n á ki táyà kékeré sínú ńlá, méjì, mẹ́ta, nígbà míì mẹ́rin. Kí wọ́n tó fà á yọ padà, etí rẹ̀ á ti bàjẹ́. SON, àjọ ìjọba tó ń rí sí ojúlówó ọjà, ti ń pariwo lórí ẹ̀ tipẹ́. Béèyàn bá ti dè é mọ́ ríìmù, ta ló fẹ́ rí etí yẹn?

Àwọn FRSC àti SON ní ọdún mẹ́rin ni táyà ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ilé ni wọ́n gbé e sí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Lọ́jọ́ 6 oṣù Kẹta ọdún 2016, James Ocholi, ọmọ ìpínlẹ̀ wa tó jẹ́ mínísítà kejì fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, bá ìjàǹbá ọkọ̀ lọ lójú ọ̀nà Kàdúná sí Àbújá, òun àti ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀. FRSC sọ pé táyà ló bẹ́ lórí eré. Nígbà tí òṣèré Paul Walker kú nínú Porsche Carrera GT ní Kalifọ́níà lóṣù Kọkànlá ọdún 2013, eré àsápajúdé ni àwọn olùṣèwádìí kà sí ìdí rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé táyà mọ́tò náà ti ju ọdún mẹ́sàn-án lọ. Mọ́tò olówó iyebíye nìyẹn o.

Kí wá ló ń gbọ̀n sítíárì? Ríìmù Benz ló tà fún mi. Ihò nọ́ọ̀tì ríìmù Benz wà lórí òbírí tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 112, ti Nissan mi jẹ́ 114.3. Ihò àárín ti Benz jẹ́ 66.6, họ́ọ̀bù Nissan, ìyẹn orí irin tí ríìmù ń jókòó lé, jẹ́ 66.1, nítorí náà ó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, èèyàn á rò pé ó bá a mu. Àmọ́ irin kọ̀ọ̀kan tí nọ́ọ̀tì ń wé mọ́ fi mílímítà kan ó lé díẹ̀ yẹ̀ sí ihò tirẹ̀. Wọ́n fẹ ihò náà díẹ̀, wọ́n wá fi agbára fún nọ́ọ̀tì. Nọ́ọ̀tì ọ̀hún gan-an, ti Toyota ni, èyí tí àlàfo eyín rẹ̀ jẹ́ mílímítà 1.5, nígbà tí ti Nissan jẹ́ 1.25. Kò lè dì í mú láéláé.

Ẹ wo nọ́ńbà ẹrù náà. Táyà tó bá mọ́tò mi dé láti ilé iṣẹ́ jẹ́ 225/50R17 94W níwájú: 94 túmọ̀ sí pé ọ̀kan lè gbé kìlógíráàmù 670, W sì ni eré tí kò gbọdọ̀ ju kìlómítà 270 lọ ní wákàtí kan. Èyí tó tà fún mi jẹ́ 225/40R18 88. Kìlógíráàmù 560 ni 88. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò sì nípọn ju mílímítà 90 lọ, ti àtijọ́ jẹ́ 112. Lójú ọ̀nà Ìsánlú, mílímítà 22 yẹn ni kòtò ń kọ́kọ́ jẹ kó tó kan ríìmù. Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń fẹ́ 18 àti 19, mo bẹ̀ yín, ẹ dúró lórí 17.

Ọjà ọ̀pọ̀ ṣì wà tí kò ní ewu nínú. Ríìmù tòkunbọ̀ ti Infiniti G35, 17, ni mo lò báyìí, torí ìpìlẹ̀ kan náà ni Nissan fi ṣe mọ́tò náà àti 350Z: 114.3, ihò àárín 66.1. Ríìmù nìkan ni mo rà, láìsí táyà. Mo yí i padà lábẹ́ oòrùn, mo wo inú ikùn rẹ̀ yípo, mo fi owó ẹyọ kàn án yíká bóyá dídún rẹ̀ yí padà níbì kan, nítorí bọ́dì fílà kì í dún bí álọ́ì. Mo gbé ọ̀kan sí họ́ọ̀bù kí n tó sanwó, mo sì fi ìka wé gbogbo nọ́ọ̀tì wọlé láìlo sípánà. Bí ìka ò bá lè wé e, kì í ṣe tiẹ̀ nìyẹn. Táyà, mo ra méjì tuntun fún ẹ̀yìn lóṣù yẹn, méjì iwájú lóṣù tó tẹ̀lé e, ọjọ́ rẹ̀ hàn kedere. 225/50R17 tí iwájú ń lò kò ṣòro rí, òun náà ni ọ̀pọ̀ Honda Accord tí wọ́n ń pè ní Evil Spirit ń lò. Ẹ má wá tìtorí ìyẹn ra ríìmù Accord fún Nissan o: ihò àárín tirẹ̀ jẹ́ 64.1, kò lè wọlé àyàfi bí wọ́n bá gbẹ́ ẹ.

Ríìmù ìgbàlódé tí wọ́n ṣe fún oríṣiríṣi mọ́tò, ihò àárín rẹ̀ sábà máa ń tóbi. Ẹ bèèrè òrùka tó ń dí àyè náà, kò wọ́n. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá JWL, àmì ìlànà Japan fún ríìmù álọ́ì, wà níbẹ̀ bó bá jẹ́ ti Japan, pẹ̀lú iye ẹrù tó lè gbé. Àwọn ayédèrú náà ń tẹ àmì yẹn o, nítorí náà ojú yín àti ọwọ́ yín ni kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé jù.

Bó bá jẹ́ pé láti Ìlọrin tàbí Ládípọ̀ l'Ékòó ni wọ́n fẹ́ fi ọjà náà ránṣẹ́ nípasẹ̀ gáréèjì, ẹ ní kí wọ́n ṣe fídíò DOT kọ̀ọ̀kan àti inú ríìmù kọ̀ọ̀kan lójú yín, kì í ṣe fọ́tò. Ẹni tó bá ní táyà ti wà lórí rẹ̀, pé wàhálà ni láti tú u, ẹ sọ fún un pé ẹ̀yin lẹ máa san owó fọkanáísà. Ọkùnrin tí mò ń sọ yìí, ẹlòmíì ti dán an wò bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn mi, kò gbé fóònù mọ́.

Ẹni tó bá ti rà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má wà á mọ́ títí wọ́n á fi tú u. Òfin FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, ti ọdún 2018 fún wa lágbára láti dá ọjà tó lábùkù padà, torí náà ẹ tọ́jú ẹ̀rí owó tí ẹ san àti gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ bá a sọ lórí WhatsApp. Ẹ fi ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, kí n lè kó o pọ̀ mọ́ tèmi ní tèṣọ̀n. Àwa mẹ́ta ni báyìí.

Ríìmù tó là yẹn ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù Bàbá ní Kàbbà. Mo ní kí wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri, kí wọ́n kọjú inú rẹ̀ síta. Ẹni tó bá ń kọjá lè yà wò ó, kó fọwọ́ kan ojú ibi tí wọ́n jó.