Wọ́n dí kòtò, wọn ò bèèrè ọ̀nà odò: ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún

Ẹgbẹ́ ọmọ bíbí abúlé wa, lẹ́bàá Iléṣà, ló dáwó jọ tá a fi gba ilé-iṣẹ́ kan láti wá tún ibi táwọn tó ń wa góòlù bàjẹ́ ṣe. Mi ò ní dárúkọ wọn. Èmi ni wọ́n ní kí n máa dúró tì wọ́n, ohun tójú mi rí ni mò ń sọ.

Wọ́n dé lásìkò, kátapílà wọn ò sì dákú lẹ́ẹ̀kan. Kòtò ẹ̀bá ọ̀nà tí ewúrẹ́ jìn sí lọ́jọ́sí, ọjọ́ méjì ni wọ́n fi dí i pa. Tó bá jẹ́ kòtò nìkan ló ń dà yín láàmú, ẹ pè wọ́n.

Àmọ́ odò ló ń dun àwa. Ìdí afárá ni wọ́n ti bu omi àyẹ̀wò, torí ibẹ̀ ni mọ́tò wọn lè dé. Ìyá Ìbejì, tó ti ń pọnmi níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi, bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ibí ni wọ́n ti ń fọ góòlù ni?" Màmá mú wa gba ẹ̀yìn oko kòkó kan, a sì bá òkúta mẹ́ta tó dúdú bí ìdí ìkòkò. Orí wọn làwọn tó ń wa góòlù ti ń sun mákúrì, irin olómi tó jẹ́ májèlé. Òun ni wọ́n fi ń kó ẹ̀rún góòlù jọ. Tí wọ́n bá sun ún, èéfín rẹ̀ á balẹ̀ káàkiri. Èyí tó bá dà sódò á rì sínú ẹrẹ̀, ẹ̀yìn náà ló ń dénú ẹja. Omi lè mọ́ gaara lókè o! Ẹja ibẹ̀ sì ni Màmá ń yan tà.

Ẹnjiníà wọn, ọmọdékùnrin jẹ́jẹ́, kúnlẹ̀, ó bu ẹrẹ̀ sínú ìgò, ó ní "Ẹ ṣé, Mà." Inú mi dùn sí i. Ni ọ̀gá rẹ̀ bá gbé owó ìrìn kejì lé wa lórí, bíi pé a fi ibẹ̀ pamọ́. Ta ló bi wá?

Ní Zamfara lọ́dún 2010, nígbà tí májèlé òjé inú òkúta góòlù pa ọmọdé tó lé ní 400, yẹ̀pẹ̀ àgbàlá ilé ni wọ́n ha kúrò, tí wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ mímọ́ rọ́pò. Irú iṣẹ́ tí mo ń retí nìyẹn.

Èsì ẹrẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Tí wọ́n bá mú un wá, tí wọ́n kà á fún Ìyá Ìbejì ní Yorùbá, màá fi ìràwọ̀ kan kún un.