Ruger 10/22: Àyẹ̀wò ìbọn kan fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ra ráífù

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ra ráífù àkọ́kọ́ tó ń ki ara rẹ̀, èyí tí ẹ fa tírígà lẹ́ẹ̀kan, tó yin ọta kan, tó sì gbé òmíràn sẹ́nu, fún ìdánrawò ní pápá ìyìnbọn, èyí tó ń lo ọta kékeré tí wọ́n ń pè ní .22 LR ni kó kọ́kọ́ wò. Nínú wọn, Ruger 10/22 la máa fi lé e lọ́wọ́. Ohun tó ń ba ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ jù ni ìbẹ̀rù ariwo àti bí ìbọn ṣe ń gbá èjìká: kí ìbọn tó dún, á ti dijú, á sì já tírígà gbà. Ọta .22 kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá èjìká rárá, ó sì dínwó débi pé èèyàn lè yin ọgọ́rùn-ún láìná owó púpọ̀. AR-15, ráífù tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ọ̀pọ̀ ń sáré rà, dára, àmọ́ àṣà burúkú tí ìbọn alágbára bá fi kọ́ ọwọ́ máa ń pẹ́ kó tó kúrò.

Láti 1964 ni Ruger ti ń ṣe 10/22. Èyí tí wọ́n ń pè ní Carbine ló wọ́pọ̀ jù: ọ̀pá rẹ̀ gùn ní íńṣì 18.5, ó sì wúwo tó páùn 5. Mágasíìnì rẹ̀, àpótí tó ń gba ọta, ló mú un yọrí láàárín ẹgbẹ́. Ọta .22 ní etí nídìí. Bí wọ́n bá tò ó lé ara wọn, etí ti òkè lè bọ́ sẹ́yìn etí ti ìsàlẹ̀, ọta á sì há. Mágasíìnì ọlọ́ta 10 ti Ruger ń yí po ni, ọta kọ̀ọ̀kan ló ní ààyè tirẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì wọ inú ikùn ìbọn láìyọ síta. Àwọn mágasíìnì gígùn olówó pọ́ọ́kú tí ilé iṣẹ́ mìíràn ń ṣe fún un ló sábà máa ń kó ìyọnu wá. Ẹ ra méjì tàbí mẹ́ta ti Ruger fúnra rẹ̀. Kí ẹ sì wádìí òfin ibi tí ẹ wà kí ẹ tó sanwó: ibòmíràn kò gba irú ìbọn yìí rárá, ibòmíràn sì fi òté lé iye ọta inú mágasíìnì.

Ó ní àléébù. Tírígà tó bá a jáde le. Ruger ń ta òmíràn, BX-Trigger, tó ń já ní páùn 2.5 sí 3. Bí ẹ bá ti tú irin kúrò lára igi, píìnì méjì lẹ máa fà yọ láti pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má tíì rà á níbẹ̀rẹ̀, torí tírígà líle náà ń kọ́ ìka ní sùúrù. Èyí tó ká wa lára jù ni pé bí ọta bá tán, bọ́ọ̀tì, irin tó ń ti ọta sínú ọ̀pá, á padà pa dé dípò kó dúró ní ṣíṣí. Akẹ́kọ̀ọ́ á tún fa tírígà, á gbọ́ "kọ̀", kò sì ní mọ̀ bóyá ọta ti tán ni àbí ọta ló kọ̀ tí kò dún. Ẹ yọ mágasíìnì, ẹ fa bọ́ọ̀tì sẹ́yìn pátápátá, ẹ tẹ irin kékeré tó wà níwájú tírígà kó lè dè é, ẹ wo inú ihò ọta, kí ẹ sì fi ìka kàn án. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ gbé e sílẹ̀ ni o.

Ní ti awò tí wọ́n ń gbé lé orí ìbọn láti fi sun ibi tí ọta máa lọ, ẹ má ra ti ìbọn ńlá. Yáàdì 50 ni wọ́n máa ń ṣètò awò .22 fún, 100 ni ti ìbọn ńlá. Bí ẹ bá fi tọ̀hún sun nǹkan tó sún mọ́ni, tí orí yín sì yẹ̀ díẹ̀, àmì inú awò á yẹ̀ kúrò lójú ibi tí ẹ ń sun. Ẹ gbé ìbọn lé àpò yanrìn, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní yáàdì 25, ẹ yin ọta 5, kí ẹ wọn ọ̀nà láti àárín ihò márààrún dé ibi tí ẹ sun, kì í ṣe láti ọ̀kan tó wù yín. Bí ẹ bá yí bọ́tìnì awò, á máa dún "kọ̀"; bí ìró kọ̀ọ̀kan bá ń sún un ní ìdá kan nínú mẹ́rin MOA (MOA kan tó nǹkan bí íńṣì 1 ní yáàdì 100), ìró 16 ló ń gbé ọta lọ ní íńṣì 1 ní yáàdì 25. Ní yáàdì 50, ìró 8 ni. Bí ọta 5 bá wọ inú íńṣì 2 ní yáàdì 50, Carbine yín ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn tí wọ́n ń fi kan ìbọn yìí, ọta ló jẹ̀bi. Ẹ ra oríṣi mẹ́rin, páálí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo èyí tí ọ̀pá yín fẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí orí ọta rẹ̀ wúwo ní grain 40 (nǹkan bí gíráàmù 2.6), tó ń sáré tó ẹsẹ̀ bàtà 1,200 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọta tó rọra ń lọ lè má lágbára tó láti ti bọ́ọ̀tì dé ẹ̀yìn. Èèpo rẹ̀ á há sẹ́nu ibi tó yẹ kó ti fò jáde. Bí ọta bá kọ̀, ó lè jẹ́ pé oògùn ìtanná kò tàn ká inú etí rẹ̀ dáadáa: ẹ kọ ẹnu ìbọn síbi àfojúsùn fún ìṣẹ́jú àáyá 30 kí ẹ tó ṣí i. Bó bá dún "pó" lásán, ẹ dúró. Ọta lè ti há sínú ọ̀pá, èyí tí ẹ bá yìn tẹ̀ lé e sì lè fa ọ̀pá ya. Ẹ kó ọta kúrò, kí ẹ fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ wò ó já.

Bí ẹ bá fẹ́ nù ún, síkúrù tó wà nísàlẹ̀ igi lẹ máa tú; bí tiyín bá ní òrùka tó di ọ̀pá mọ́ igi níwájú, ẹ kọ́kọ́ dẹ síkúrù rẹ̀, kí ẹ sì fà á kúrò. Bọ́tìnì ààbò gbọ́dọ̀ wà ní agbedeméjì, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ irin kò ní jáde nínú igi, ẹni tí kò mọ̀ á sì máa fi agbára já a. Ẹ tú u lórí aṣọ, torí àwọn píìnì rẹ̀ máa ń já bọ́ fúnra wọn. Ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ nínú wọn dí, ẹ kò lè ti ọ̀pá ìnubọn gba ibẹ̀. Okùn ìnubọn ni kí ẹ lò, kí ẹ fà á láti ihò ọta wá sí ẹnu, kí ẹnu má baà họ. Òróró díẹ̀ lára bọ́ọ̀tì ti tó, èyí tó bá pọ̀ jù ló ń di ẹrẹ̀ pẹ̀lú èéfín ẹ̀tù.

Ẹni tó bá mọ̀ pé AR-15 lòun máa bọ́ sí lè ra Smith & Wesson M&P15-22 dípò rẹ̀: bọ́tìnì àti ìdìmú rẹ̀ jọ ti AR, bọ́ọ̀tì rẹ̀ sì ń dúró ní ṣíṣí bí ọta bá tán. Ẹni tí apá rẹ̀ kúrú, kó béèrè 10/22 Compact. Ẹ gbé e sí èjìká kí ẹ tó sanwó. Bí ẹ bá ní láti na ọrùn kí ojú tó bọ́ sí àárín awò, ìdí rẹ̀ ti gùn jù fún yín.