D&D ọ̀fẹ́, SRD 5.1 àti 5.2: jagunjagun náà yẹ kó ní ẹnu ọ̀rọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ kó ẹgbẹ́ jọ ní Abẹ́òkúta láti máa ṣe Dungeons & Dragons, eré tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti ń ṣe akọni kan nínú ìtàn, kò ní láti ná kọ́bọ̀ lórí ìwé. SRD 5.1, àkójọ òfin eré náà, bọ́ sábẹ́ Creative Commons, ìwé àṣẹ tó gba ẹnikẹ́ni láyè láti lò ó lọ́fẹ̀ẹ́, ní 2023, SRD 5.2 sì tẹ̀ lé e ní 2025. PDF ni méjèèjì. 5.1 nìkan lé ní 400 ojú-ìwé, nítorí náà ẹ má gbé odindi rẹ̀ fún àwọn tó ń tẹ̀wé ní Ìbarà: apá kíláàsì (irú iṣẹ́ akọni) àti apá ability (agbára àbínibí rẹ̀) ni kí ẹ tẹ̀, kí ẹ máa ka ti ọfọ̀ àti ẹranko abàmì lórí fóònù. Dáìsì lúdò kò lè ṣe é, ojú 6 péré ló ní, d20, dáìsì olójú 20, la sì ń jù jù lọ. Ẹ lè kọ 1 dé 20 sórí bébà, kí ẹ ká a sínú igbá. Ṣùgbọ́n ẹ dá èyí tí ẹ bá mú padà kí ẹlòmíràn tó mú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tó bá mú kẹ́yìn ti rí ìyà.

Ẹjọ́ tí a bá 5.1 rò kò ju ọ̀kan lọ: àpò kan náà ló ní ká ti ná owó ìjà àti owó ẹnu. Nọ́ńbà 15, 14, 13, 12, 10 àti 8 la máa pín sórí ability 6. Fighter, jagunjagun wa, á fi 15 sí Strength (agbára), 14 sí Constitution (ìfaradà), 8 á sì bọ́ sórí Charisma (ẹnu dídùn). Nínú skill (ìmọ̀ọ́ṣe) 18, Athletics (eré ipá) nìkan ló wà lábẹ́ Strength. Constitution kò ní ẹyọ kan. Charisma ní 4, Intelligence (òye) ní 5, Wisdom (ọgbọ́n) ní 5. Wizard, oṣó, ńkọ́? Intelligence tó fi ń pe ọfọ̀ náà ló fi ń mọ ìtàn. Tó bá dé ipele 3, ó lè fi ọfọ̀ Knock ṣí àgádágodo (òótọ́ ni pé ariwo rẹ̀ ń dé 300 ẹsẹ̀ bàtà).

Ẹ gbé e dé Ìtòkú, ọjà àdìrẹ. Ẹgbẹ́ kan fẹ́ ra ìdì àdìrẹ ẹlẹ́kọ, DC 15 (dáìsì pẹ̀lú àfikún ẹni náà gbọ́dọ̀ tó 15). Bard (akọrin) ipele 3 tó ní Charisma 16 àti Expertise (àfikún ìlọ́po méjì) nínú Persuasion (ìyíniléròpadà) ní +7: 8 ló ń wá lórí d20, ìdá 65 nínú 100. Jagunjagun ní -1. 16 ló ń wá, ìdá 25. Persuasion ò tiẹ̀ sí lára skill tí kíláàsì rẹ̀ lè mú. Ẹni tó ń ṣe é á káwọ́ gbera, á máa tẹ fóònù títí ìjà á fi bẹ̀rẹ̀.

Oògùn méjì wà nínú 5.1 fúnra rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ń fò kọjá. Èkíní gbà kí a so skill mọ́ ability mìíràn, kí Intimidation (ìdẹ́rùbani) máa lo Strength. Ó dára lójú ibodè. Ní Ìtòkú, ẹni tó bá fẹ́ fi igbá àyà ná ọjà lọ́wọ́ ìyá aláró, èébú ló máa gbé relé. Èkejì ló gbámúṣé: Customizing a Background, ṣíṣe background (ìtàn ẹ̀yìn akọni) bó ṣe wù yín. Acolyte nìkan ni background tí wọ́n kọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n òfin yìí gbà yín láyè láti yan skill méjì tó bá wù yín, pẹ̀lú irinṣẹ́ tàbí èdè méjì. Ẹ ṣe "Ọmọ aláró": History, Persuasion, irinṣẹ́ aró, èdè kan. Jagunjagun ti wá mọ ẹ̀kọ láfún tí wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ yà sára aṣọ yàtọ̀ sí èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀.

Síbẹ̀, ìjà máa ń kárí gbogbo èèyàn, ọ̀rọ̀ sì máa ń parí lórí dáìsì ẹyọ kan. Kí olùdarí eré pín ọjà náà sí mẹ́ta: mímọ ojúlówó, nínáwó, gbígbé ìdì la èrò kọjá pẹ̀lú Athletics. Ẹni ọ̀tọ̀ ni kó ju ìkọ̀ọ̀kan, kí méjì nínú mẹ́ta sì tó. Ẹ má béèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tí ìkọ̀ọ̀kan bá jẹ́ ìdá 50, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ á di ìdá 12.5.

5.2 ti gbọ́ ẹjọ́ yìí. Ní ipele 2, Tactical Mind jẹ́ kí Fighter tí ability check (dáìsì tó jù fún ability) rẹ̀ kùnà ná Second Wind (agbára ìwòsàn rẹ̀) kan, kó fi d10 kún un. Tó bá tún kùnà, Second Wind náà kò lọ. Ìdá 25 ọ̀hún á di 52.5. Second Wind yìí náà ló fi ń wo ọgbẹ́ lójú ìjà o, àpò kan náà ṣì ni, àmọ́ òun ló ń yan ohun tí yóò ná an sí. Ibi tí 5.2 ti ṣahun ni background: mẹ́rin péré, kò sì sí èyí tó fúnni ní feat (ẹ̀bùn àkànṣe) Skilled. Alert ni ti Criminal, Savage Attacker ni ti Soldier. Ní ipele 1, Human (ọmọ èèyàn) nìkan ló lè fọwọ́ ara rẹ̀ mú Skilled, kó fi gba skill mẹ́ta.

Kíláàsì 5.2 ni kí ẹ mú, kí ẹ yá òfin background 5.1 mọ́ ọn. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀: nínú 5.2, inú background ni àfikún ability àti feat àkọ́kọ́ ti ń wá. "Ọmọ aláró" tí ẹ bá gbé wá láti 5.1 kò ní wọn, àfi kí ẹ fọwọ́ fi +2 sí ability kan, +1 sí òmíràn, kí ẹ sì fún un ní Skilled.