Panẹbítà Láfẹnwá tó tún Mustang 1969 bọ̀dá mi ṣe

Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta tẹ́ ẹ ní mọ́tò àtijọ́, ẹ gbọ́ o. Àwọn panẹbítà yìí ò kàn fi fílà (àtè tó máa ń le, tí wọ́n fi ń dí ara mọ́tò) bo ibi tó ti dógùn-ún báwọn kan ṣe máa ń ṣe, wọ́n gé irin tó ti jẹrà lábẹ́ ilẹ̀kùn kúrò, wọ́n jó irin tuntun sí i, wọ́n wá ń fòòlù lù ú pẹ̀lẹ́ títí tó fi dọ́gba. Mo gbé mágínẹ́ẹ̀tì lé e, ó lẹ̀ pinpin! Tí fílà bá nípọn níbẹ̀, kò ní lẹ̀. Ọ̀dà pupa yẹn ń kọ mọ̀nà, sanpépà 2000 olómi tó kúnná gan-an ni wọ́n fi ha kílíà (ọ̀dà tó mọ́ gaara bíi gíláàsì tí wọ́n kùn lé pupa yẹn lórí) kó tó kan pólíìṣì. Ìta gbangba ni wọ́n ti ń kùn ún ṣá, eruku wọ bọ́nẹ́ẹ̀tì díẹ̀. Owó wọn ò kéré, àmọ́ mo máa gbé tèmi náà lọ.