Ọ̀fẹ́ ni ààbò OIN, àmọ́ ẹ mọ ibi tí òrùlé rẹ̀ parí sí

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ sọ́fítíwià l'Òkè-Ìlewó, tí ẹ ń to kọ̀ǹpútà ìṣirò ọjà lórí Linux, ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó jẹ́ ọ̀fẹ́, fún àwọn aláàdìrẹ Ìtòkú, ìwé àdéhùn Open Invention Network (OIN), ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo Linux lọ́wọ́ ẹjọ́ pátẹ́ǹtì, yẹ ní wíwò. Lóòótọ́, pátẹ́ǹtì Amẹ́ríkà, ẹ̀tọ́ tí ìjọba ibẹ̀ ń fún ẹni tó hùmọ̀ nǹkan pé kí ẹlòmíràn má lò ó láìgbàṣẹ, kò ní agbára l'Abẹ́òkúta. Ilẹ̀ tí wọ́n ti gbà á ló mọ. Àmọ́ ọjọ́ tí ẹ bá ta áàpù yín fún oníbàárà lọ́hùn-ún, agbẹjọ́rò rẹ̀ á béèrè ọ̀rọ̀ pátẹ́ǹtì lọ́wọ́ yín.

Lọ́dún 2007, Microsoft sọ fún ìwé ìròyìn Fortune pé àwọn sọ́fítíwià open source (tí kóòdù wọn ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn) tẹ pátẹ́ǹtì òun 235 lójú, pé 42 wà nínú kánẹ́ẹ̀lì (ọkàn) Linux, 45 nínú OpenOffice. Iye ni wọ́n dá, wọn ò dárúkọ ọ̀kan. Ọgbọ́n ni. Tí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀, àwọn tó ń kọ kóòdù á tún ibẹ̀ kọ, tàbí kí wọ́n hú ẹ̀rí síta pé ẹlòmíràn ti ṣe é ṣáájú, pátẹ́ǹtì náà á sì wó. Lẹ́yìn náà, wọ́n ń mú àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ níkọ̀ọ̀kan: HTC gbà láti san owó lórí Android lọ́dún 2010, Samsung tẹ̀lé e lọ́dún 2011.

Ti TomTom, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ atọ́nà ọkọ̀, tí Microsoft pè lẹ́jọ́ lọ́dún 2009, ló hàn sójú jù. Ẹ wo káàdì mẹ́mórì tó ń lo FAT, ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà to fáìlì pamọ́: fáìlì tí ẹ pè ní adire_eleko.jpg ní orúkọ kejì níbẹ̀, ADIRE_~1.JPG, lẹ́tà 8 ṣáájú àmì, 3 lẹ́yìn rẹ̀. Títọ́jú orúkọ méjèèjì pọ̀ ni pátẹ́ǹtì Microsoft dì mú. Lẹ́yìn ẹjọ́ náà, Andrew Tridgell, ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ kóòdù open source, kọ àtúnṣe tí Linux á fi máa kọ orúkọ kan ṣoṣo. TomTom ní tiẹ̀ ti darapọ̀ mọ́ OIN, kò sì pé oṣù méjì tí ẹjọ́ náà fi parí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n sanwó.

IBM, Novell, Philips, Red Hat àti Sony ló dá OIN sílẹ̀ lọ́dún 2005. Ilé iṣẹ́ kékeré kì í san kọ́bọ̀. Ẹ̀jẹ́ ni owó ibẹ̀: ọmọ ẹgbẹ́ kan ò ní fi pátẹ́ǹtì pe ẹlòmíràn lẹ́jọ́ lórí ohun tí wọ́n ń pè ní Linux System. Microsoft fúnra rẹ̀ wọlé ní October 2018 pẹ̀lú pátẹ́ǹtì tó lé ní 60,000, ohun tó sì mú ọjà yìí níye lórí nìyẹn. Orí ìkànnì wọn lẹ ti máa buwọ́ lù ú. Ẹ kọ orúkọ ilé iṣẹ́ bí CAC ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́, kí ẹni tó láṣẹ sì buwọ́ lù ú.

Ibi tó kù sí: Olúmọ kì í bo ẹni tí kò sí lábẹ́ rẹ̀. Àwọn páákéèjì tó wà lórí àkójọ wọn nìkan ni Linux System. Áàpù tí ẹ fọwọ́ yín kọ lé e lórí kò sí níbẹ̀. Lórí Ubuntu, tó jẹ́ ẹ̀yà Linux kan, ẹ tẹ dpkg -l, tó ń to àwọn páákéèjì orí ẹ̀rọ yín jáde, kí ẹ fi èsì rẹ̀ wé àkójọ náà. Bẹ́ẹ̀ ni àdéhùn náà kò lè di ẹni tí kò buwọ́ lù ú lọ́wọ́. Rothschild Patent Imaging, ilé iṣẹ́ tó ń fi pátẹ́ǹtì nìkan pawó, pe GNOME, àjọ tó ń ṣe sọ́fítíwià ojú Linux, lẹ́jọ́ lọ́dún 2019 nítorí Shotwell, áàpù fọ́tò rẹ̀, ó ní kí wọ́n san $75,000. GNOME kọ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn dáwó fún ẹjọ́ náà, wọ́n sì parí rẹ̀ ní May 2020 láìsan nǹkan kan. Ẹni tí kì í ṣe ọjà kankan, kí ló fẹ́ fi àdéhùn àlàáfíà ṣe?

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ẹ fi Apache 2.0, ìwé àṣẹ ìlò sọ́fítíwià, kún un fún kóòdù tiyín: ẹni tó bá fi pátẹ́ǹtì gbé ẹjọ́ lórí iṣẹ́ náà, àṣẹ pátẹ́ǹtì tó ti gbà lórí rẹ̀ á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé àṣẹ MIT kò dárúkọ pátẹ́ǹtì rárá.

Tí lẹ́tà ìhàlẹ̀ bá sì dé, ẹ má fi íméèlì ṣàlàyé bí kóòdù yín ṣe ń ṣiṣẹ́. Nọ́ńbà pátẹ́ǹtì, orílẹ̀-èdè tó ti jáde àti ọjọ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Tó bá ti lé ní ọdún 20 láti ọjọ́ náà, agbára rẹ̀ sábà máa ń ti tán.