Òkúta rìbìtì tàn mí jẹ: òkúta ojú ọ̀nà mọ́tò nílé wa ní Alápẹ́rẹ̀

Ẹ bá rí òkúta tí mo kọ́kọ́ rà! Rìbìtìrìbìtì, àwọ̀ rẹ̀ bí oyin, bí òjò bá rọ̀ sí i, ńṣe ló ń dán. Oṣù kan péré ni mo fi gbádùn rẹ̀.

Ilẹ̀ tiwa níbí, lọ́wọ́ Kétu, ilẹ̀ ẹrẹ̀ ni. Tí oṣù kẹfà bá ti wọlé, bàtà lọ́wọ́ la fi ń rìn láti géètì dé ẹnu ọ̀nà. Ìńtálọ́ọ̀kì wù mí, owó rẹ̀ ni kò wù mí. Mo bá ní kí n da òkúta sí i.

Òkúta rìbìtì kì í di ara wọn mú. Bí mo bá fi rífáàsì jáde, táyà á máa yí lójú kan, òkúta á máa ta bá géètì, gbà! gbà! Kò pẹ́, ipa táyà di kòtò méjì, òkúta ti sá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Màmá ìyàwó mi wá kí wa, ẹsẹ̀ wọn yọ̀. Wọ́n ní, "Bàbá Tóbi, ṣé àgbàdo lẹ dà sílẹ̀ dè mí ni?"

Mo kó gbogbo rẹ̀ sídìí òdòdó, mo wá ra gírànáìtì three-quarter, èyí tí wọ́n fi ń po kọnkéré. Kò lẹ́wà, ó rí gánnagànna, àmọ́ igun rẹ̀ yẹn ni wọ́n fi ń há mọ́ ara wọn. Bíríkìlà mi kò gbà kí n dà á sórí ẹrẹ̀ lásán. Ó gbẹ́ ilẹ̀ dúdú kúrò, ó tẹ́ aṣọ geotextile tí omi lè gbà kọjá tí ẹrẹ̀ kò lè gbà gòkè, ó to hardcore, ìyẹn òkúta ńláńlá, lé e, ó fi ẹ̀rọ lù ú mọ́lẹ̀ gírígírí. Ó wá fi búlọ́ọ̀kù dí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Níbi búlọ́ọ̀kù yìí gan-an ni mo ti kùnà lákọ̀ọ́kọ́.

Ẹ wọn ilẹ̀ yín kẹ́ ẹ tó pe onítípà o. Tèmi jẹ́ mítà 12 ní gígùn, 3 ní fífẹ̀. Bí òkúta tí a tẹ́ bá nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 10, kúbíìkì mítà 3.6 nìyẹn, bíi tọ́ọ̀nù márùn-ún àbọ̀. Onítípà kan búra fún mi pé tọ́ọ̀nù mẹ́wàá kò ní tó! Mo gun òkè típà rẹ̀, mo fọwọ́ wa ìsàlẹ̀: òkè gírànáìtì, ìsàlẹ̀ iyẹ̀pẹ̀. Mo ní kó máa lọ.

Mo fún gírànáìtì ní 4 nínú 5. Kò ṣeé fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀, kẹ̀kẹ́ Tóbi kò lè rìn lórí rẹ̀. Ariwo rẹ̀ ńkọ́? Èyí dára fún mi, torí kò sẹ́ni tó lè yọ́ wọlé lóru.

Màmá tún wá lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, lẹ́yìn òjò. Wọ́n fi ẹsẹ̀ kan tẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n tún fi èkejì tẹ̀ ẹ́. Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n wọlé, wọ́n ní omi tútù dà.