RAV4 àbí CR-V: èwo ló máa gbé yín dé oko tó tún máa gbé ìyá àwọn ọmọ dé ọjà?

Òkun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìbéèrè jíìpù kékeré yìí ti pọ̀ jù lẹ́nu yín, ará Ìsánlú ń béèrè, ará Mọ̀pà ń béèrè, mo ní jẹ́ n kúkú kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Mi ò ta mọ́tò o. Kàbà ni mò ń gbé, oko iṣu wa wà lápá Ìjùmú, ọmọ mẹ́ta ló ń jókòó lẹ́yìn, ọ̀kan nínú wọn sì máa ń bì tí kọ́ọ̀nà bá ti pọ̀.

Ìdí tá a fi ń fẹ́ fọ́ọ̀-wíìlì kékeré, ìyẹn jíìpù tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹ̀ lè fà á, ò le. Ọ̀nà kọnkéré tó lọ sí Ọbájánà ò bèèrè fọ́ọ̀-wíìlì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹ yà sínú oko káṣú lóṣù kẹsàn-án kẹ́ ẹ wá fi káà kékeré jáde ká wò ó. Jíìpù ńlá lè jáde o, epo tó ń mu ni ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ lè san owó ilé ìwé.

Méjì tí mo mọ̀ dáadáa ni mo fẹ́ fi wéra, Honda CR-V 2002 sí 2006 àti Toyota RAV4 2006 sí 2012. Èmi ni mo ni CR-V, ẹ̀gbọ́n mi ló ni RAV4, 2010 ni tiẹ̀.

Àwọn méjèèjì, táyà iwájú ló ń fà wọ́n lójoojúmọ́, tẹ̀yìn kì í sábà dá sí i àfi tí iwájú bá ń yọ̀. Ti CR-V, pọ́ǹpù méjì ló wà nínú dífù ẹ̀yìn, ìyẹn àpótí gíà tó ń yí táyà ẹ̀yìn, ìgbà tí táyà iwájú bá ń yí ju tẹ̀yìn lọ ni óìlì inú ẹ̀ máa fún tí ẹ̀yìn á wá bẹ̀rẹ̀ sí í tì, ìyẹn ni pé ó máa kọ́kọ́ gbẹ́lẹ̀ díẹ̀ kó tó rántí pé òun lẹ́sẹ̀ mẹ́rin. RAV4 ní bọ́tìnì lock kan lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ tẹ̀ ẹ́, tiwájú-tẹ̀yìn á di ara wọn mú látìbẹ̀rẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti sáré kọjá 40 km/h á tú fúnra ẹ̀.

Òjò bá wa lóko lọ́dún tó kọjá, iṣu ti kún búùtù, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan sì wà tá a gbọ́dọ̀ gùn jáde. Ẹ̀gbọ́n tẹ bọ́tìnì kí táyà tó kan ẹrẹ̀, RAV4 ń gòkè jẹ́ẹ́jẹ́ bí àgbà tó ń lọ sípàdé. Tèmi ń fọ́n ẹrẹ̀, iwájú rì, mo gbẹ́sẹ̀ kúrò, mo tún rọra tẹ̀ ẹ́, mo gbọ́ gbùù lẹ́yìn, ló bá tì mí jáde. Ó jáde, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, àmọ́ ẹ̀gbọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí a fi dé Kàbà.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù: ẹ rí i pé fọ́ọ̀-wíìlì ni lóòótọ́, torí wọ́n ṣe èyí tó jẹ́ iwájú nìkan ló ń fà á nínú méjèèjì. RAV4 rọrùn, bọ́tìnì lock ò bá ti sí, ẹ máa lọ. CR-V ò ní bọ́tìnì, abẹ́ ẹ̀ lẹ máa wò. Kí n tó ra tèmi mo lọ wo ọ̀kan ní Lọ́kọ́ja, Real Time 4WD, orúkọ tí Honda ń pe fọ́ọ̀-wíìlì ẹ̀, wà lẹ́yìn ẹ̀ gàdàgbà. Mo tẹ́ páálí sílẹ̀, mo dùbúlẹ̀, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù. Dífù wà lẹ́yìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tó yẹ kí ṣáàfútù, irin gígùn tó ń yí dífù ẹ̀yìn, ti wá bá a látiwájú, afẹ́fẹ́ ni mo rí. Wọ́n ti tú u! Mo bi ẹni tó ń tà á, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò dí i lọ́wọ́ kó rìn." Òótọ́ ni, kò dí i lọ́wọ́ kó rìn.

Ẹ̀yìn tó bá ń kérora lásìkò tẹ́ ẹ bá ń kọ́ọ̀nà ló sábà máa ń jẹ́ kí wọ́n tú u, bẹ́ẹ̀ óìlì dífù tó ti gbó ló máa ń fà á lọ́pọ̀ ìgbà. Óìlì tiẹ̀ lọ́tọ̀ ni, Dual Pump ni Honda ń pè é, ẹ má jẹ́ kí mẹkáníìkì da óìlì gíà lásán sí i.

Nínú ilé, CR-V ni tèmi. Gíà ọtómátíìkì ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítẹ́ríǹ, àárín sítì iwájú ṣófo, tá a bá ti dúró ìyàwó mi á kàn gba àárín kọjá lọ bá ẹni tó ń bì. Gíláàsì ẹ̀yìn ń dá ṣí, ẹ lè ju ẹ̀fọ́ wọlé láìṣí ilẹ̀kùn. Pátákó ilẹ̀ búùtù sì lẹ́sẹ̀, ẹ gbé e jáde ó di tábìlì, a ti jẹ iyán lórí ẹ̀ lóko. RAV4 fẹ̀ díẹ̀ jù ú lọ, òmíràn ní ìlà sítì kẹta fáwọn ọmọdé, ìyẹn náà ni.

Àlébù? RAV4 2006 sí 2008 tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ jẹ́ lítà 2.4, ó lè máa jẹ óìlì, ẹ wo èéfín ẹ̀ láàárọ̀. Látorí 2009 ó ti di 2.5, èyí lẹ máa wá. Èyí tó ní ẹ́ńjìnnì ńlá V6 ń fò, ṣé ẹ̀yin lẹ máa ra epo ẹ̀? Ti CR-V, AC ni, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ẹ̀ tó bá kú á tú ìdọ̀tí irin sínú gbogbo páìpù, owó gidi nìyẹn.

Subaru Forester dáa nínú ẹrẹ̀ jù wọ́n lọ, mẹkáníìkì tó gbọ́ èdè ẹ̀ ni ò pọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Torí náà, ọmọ àti ọjà, CR-V tí ṣáàfútù ẹ̀ pé. Oko lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, RAV4 2009 sókè. Ẹ̀gbọ́n ti ń sọ pé òun fẹ́ ta tiẹ̀ o, ẹ má pè é, mo ti ń tọ́jú owó.